Ta Ló Pa Ohùn Àwọn Ìbejì?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì 2025
Alhaja Àmúdàtù dá orin wọn padà. Orin ààwẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ohùn àwọn ń gún àwọn létí bí abẹ́rẹ́. Hẹn! Èmi Akíndúró, tí wọ́n ń ti Mọ́níyà wá bá ní Challenge n'Ìbàdàn nítorí etí mi! Etí yìí ni oko mi. Òun ni mo fi ń jẹun.

Kì í ṣe èmi. Àwọn Ìbejì ni — sípíkà méjì tí mo fi ń dán orin wò nínú stúdíò mi, yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti dàgbà. Ohùn tó tín-ín-rín ò jáde lára wọn dáadáa mọ́, èmi náà sì ń bù ú kún orin láìmọ̀. Ó dájú.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì
Tú Táyé, ọ̀kan nínú Ìbejì. Eruku, ẹyin aáyán. Kírọ́sófà wà nísàlẹ̀ — pátákó kékeré tó ń pín ohùn, èyí tó tín-ín-rín fún tuwítà, èyí tó wúwo fún wúfà. Kàpásítọ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ọ̀kan ti wú níkùn. Mo rí ọ mú, olè!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì
Mọ́kọ́lá. Ọ̀rẹ́ mi Sàlàkọ́, tó ń tún rédíò ṣe, fún mi ní kàpásítọ̀ tuntun, ó dáa ju ti àtijọ́ lọ. Ó ní kí òun tẹ̀ lé mi wá gbọ́ ọ. Mo ní rárá o. Ta ni yóò bá mi gbọ́ ohun tí etí tèmi ń gbọ́? Ó wò mí títí. Mi ò fẹ́ràn ìwò yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì
Mo ti fi lẹ́ẹ̀dì, òjé tí à ń yọ́, jó gbogbo rẹ̀ mọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé. Kò yàtọ̀! Àfi bíi pé wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo tuwítà. Rẹsítọ̀ tó ń dín ohùn tuwítà kù — mo yọ ọ́, mo fi èyí tó kéré sí i dípò rẹ̀, kí ohùn náà lè pọ̀. Ó kù díẹ̀. Mo tún wá èyí tó kéré jùyẹn lọ. Áà! Báyìí ni!

Adájọ́ (Fọláwùmí ìyàwó mi, òun ló ń dá ẹjọ́ ilé yìí) yọjú, ó di etí méjèèjì. Ó ní, "Bàbá Ìdùnnú, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?" Mo ní kó máa wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì
Ajá ilé kejì ń hu nígbàkígbà tí mo bá tan Ìbejì.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì
Adájọ́ ń bínú. Ó ní òun pè mí, pè mí, mi ò dáhùn. Ó ń kùn lẹ́nu ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í já gaara mọ́. Gbogbo wọn ló ń kùn lẹ́nu láyé ìsinsìnyí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì
Tún orin Alhaja ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn bí oyin. Mo ti fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì
Alhaja pè. Wọ́n ní ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Safiyyah ọmọ wọn ò lè gbọ́ ọ parí, ó ní orí ń fọ́ òun. Ààwẹ̀ ti dé tán, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn ní Bódìjà. Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Akíndúró, kí ló ṣe ọ́? O kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀."

Inú mi bàjẹ́. Mo jókòó ti Ìbejì, mi ò tàn wọ́n. Bí kì í bá ṣe kírọ́sófà ńkọ́? Mo pe Sàlàkọ́ pé kó máa bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì
Sàlàkọ́ dé. Ó yẹ iṣẹ́ mi wò, ó ní gbogbo ibi tí mo jó pọ̀ ló dáa. Ó wá fi kọ̀ǹpútà mi gba ara Ìbejì gbé ohùn kan ṣoṣo jáde, tó ń ga díẹ̀díẹ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó dákẹ́. Mo ní, "O rí i? Tuwítà ló kú."

Sàlàkọ́ fa ojú ro. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú tuwítà, ó fi ìlà tó ń wọn ohùn hàn mí — ó ti ga dé òkè pátápátá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àfi bí Adájọ́ ṣe sáré wọlé, tó ní ká jọ̀ọ́, ká pa igbe yẹn.

Mo ní, igbe wo?

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Sàlàkọ́ na ọwọ́, ó pa á. Mo rí i tó pa á. Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.