Fọ́tò Àyà Tí Wọ́n Yà Mí ní Kuruman

Oarabile, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára, ṣé Johannesburg ò fìyà jẹ ọ́? Ọlọ́run tó jí àwa àtàwọn ewúrẹ́ láàárọ̀ yìí ni yóò máa jí ìwọ náà, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ọ̀gá rẹ ò ní bínú sí ọ, àmín. Gbogbo wa wà níbí, àfi ewúrẹ́ olórí funfun tó jẹ bàtà ìsìn mi ẹsẹ̀ kan, èmi náà sì ti jẹ ẹ́ padà. Òjò ò tíì rọ̀. Kérésì márùn-ún rèé tí o ò wálé, mi ò fẹ́ fi ìyẹn dá ọ lágara, ṣùgbọ́n mò ń kà á, ojú rẹ sì ń wù mí í rí.

Ìròyìn tí mo ní dùn ju ohun tí fóònù lè gbé lọ. Ìyá rẹ ti ya fọ́tò ìjọba!

Ọ́fíìsì kan ní Kuruman ló ránṣẹ́ pé kí gbogbo obìnrin tó fi òòlù lu òkúta aláró nígbà ayé ilé iṣẹ́ ìwakùsà wá kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ya fọ́tò. O mọ òkúta náà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní asibẹ́sítọ́sì. Mo sọ fún Mma-Seipone, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jókòó lórí òkìtì ọjọ́un, pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún wọ́n rántí wa, wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ni. Àbí kò yẹ? Òkúta wo ló tún rí bíi tiwa? O lù ú, ó tú bí òwú. O hun ún, ó daṣọ. Aṣọ dọ̀tí, o jù ú sínú iná, iná jẹ ìdọ̀tí tán, aṣọ jáde láìjó. Ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń gbé ìkòkò ẹ̀kọ bogobe kúrò lórí iná títí dòní, mi ò ra ọṣẹ fún un rí. Òun náà ló wà lórí ilé wa, òun ni páìpù omi ilé ẹ̀kọ́, òun ni wọ́n fi di ara ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin kí ooru má baà jáde, wọ́n ní ó wà nínú bíréèkì mọ́tò pàápàá. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ọkọ̀ tó o wọ̀ bá dúró kó tó kọ lu èèyàn, mọ̀ pé ọwọ́ ìyá rẹ ló dá a dúró, má ṣe jẹ́ kí awakọ̀ kankan pariwo mọ́ ọ.

Mo wọ aṣọ ìyá ìjọ, jákẹ́ẹ̀tì pupa àti fìlà funfun, mo fi sítáàṣì sí fìlà náà títí ó fi lè dá dúró láìsí orí. Mma-Seipone kun ètè. A jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, à ń kọrin lọ. Tẹ́lẹ̀, orin yẹn kì í ju odò ẹ̀bá abúlé wa lọ kó tó parí, ṣùgbọ́n báyìí bí mo bá kọ ìlà kan mo máa ń sinmi, bí Mma-Seipone bá kọ ìlà kan òun náà á sinmi, ìyẹn ni orin kan ṣoṣo fi gbé wa dé Kuruman. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń fi kún orin ẹni!

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fọ́tò ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ó ní kí n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo ní láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, kò sí ọkùnrin tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ó ní àyà lòun fẹ́ yà. Mo bi í pé ta ló fẹ́ gbé àyà arúgbó kọ́ ògiri. Ó ní kí n mí sínú, kí n dì í mú, ló bá sá wọ yàrá kejì, mo rò pé oúnjẹ ló lọ jẹ. Ìgbà tó wá ní kí n mí, mo kọ́kọ́ bi í bóyá gbogbo rẹ̀ ni kí n mí síta.

Ìgbà tí wọ́n gbé fọ́tò jáde, Oarabile, kò sí fìlà níbẹ̀! Kò sí ojú! Eegun ni, bí ìhà àgùntàn tí wọ́n sá sóòrùn. Mo sọ fún un pé ó ti ba fíìmù jẹ́, kó tún un yà, pé mo sanra ju báyìí lọ. Ti Mma-Seipone náà rí bẹ́ẹ̀. A gbé méjèèjì síwájú fèrèsé, a rí i pé ìkùukùu funfun inú tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn, ó ń yangàn káàkiri ìjọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Dókítà Modisaotsile pè mí wọlé láti bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Ọmọ dáadáa ni, ìyá ló ń pè mí. Fọ́ọ̀mù bèèrè ta ló gbára lé mi, mo dárúkọ rẹ, mo fi ewúrẹ́ mẹ́sàn-án kún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó bèèrè bóyá mo gbé eruku òkúta náà wọlé rí. Mo ní gbogbo wa la gbé e, a ò ya ahun. Ó bèèrè bóyá èémí mi kì í tó mi mọ́. Mo ní rárá o, èémí ń bẹ, mo kàn ń fi ìṣọ́ra ná an ni.

Dókítà wá fi ìka kan ìkùukùu inú fọ́tò, ó ní eruku òkúta aláró ló jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró mi, pé kò ní jáde mọ́. Àyà mi já! O rántí pé wọ́n máa ń tú àpò wa wò lẹ́nu géètì kí a má baà jí ẹrù ilé iṣẹ́. Mo búra fún un pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ kó o, pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbọn aṣọ mi, bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ padà kí wọ́n wá gbà á. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mú mi, pé àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà gan-an ló yẹ kó wá bẹ̀ mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù rèé. Ó bi mí pé níbo ni mò ń gbé ọ sí nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́. Mo ní níbo ni ǹ bá tún gbé ọ sí, bí kò ṣe orí òwú òkúta náà fúnra rẹ̀, ó rọ̀ ju itan bàbá rẹ lọ, o sì máa ń sùn fọnfọn níbẹ̀, o ó jí, irun orí rẹ á ti di aláró. Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kí n pè ọ́ wálé, kí ìwọ náà wá ya fọ́tò, kó má pẹ́. Inú mi dùn, mo fò sókè níbi tí mo jókòó sí, mo dì í mọ́ra! Ohun tí mo fi Kérésì márùn-ún bẹ̀bẹ̀ fún, ọmọ olọ́mọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ó sì di àṣẹ. Ó bi mí bóyá o máa ń wúkọ́. Mo ní rárá, àfi ariwo gbùhùgbùhù tó máa ń wà lórí fóònù bí a bá ń sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní ó dá mi lójú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. A ò kọrin nígbà tí à ń padà bọ̀, èmi àti Mma-Seipone, mi ò sì mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nínú ìdùnnú.

Jọ̀ọ́, fi igba réndì ránṣẹ́ fún owó kẹ̀kẹ́ wa àti férémù ńlá kan, má sì fi í sí báǹkì, torí ẹ̀rọ inú ògiri wọn ò gbọ́ràn, mo pariwo nọ́ńbà àṣírí mi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó tò sẹ́yìn mi nìkan ló gbọ́. Gbé e fún awakọ̀ tó ń bọ̀ wálé. Tàbí kó o kúkú mú un dání.

Wá, ọmọ mi. Kò le rárá. Bó bá ní kó o bọ́ aṣọ, bọ́ ọ. Bó bá ní kó o di èémí mú, dì í mú. Ìgbà tó bá wá ní kó o mí, Oarabile, mí. Mí dáadáa, kó délẹ̀, kí gbogbo wọn gbọ́ ọ ní yàrá kejì. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún láàárọ̀ àti lálẹ́, pé bí wọ́n bá ní kí ọmọ mi mí, kó lè mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mma-Oarabile