Koríko Àwọn Ehoro Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì kí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún yín níbẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní pa ọ́ lára, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ilé tí o bá jáde kúrò nínú rẹ̀, ayọ̀ ni wàá bá padà síbẹ̀. Bí o bá bi mí léèrè, mo wà, a dúpẹ́, ikọ́ kékeré kan ló kàn ń yọ mí lẹ́nu.

Ìròyìn ilé kò dára. Akọ̀wé ti kú. Má fò sókè, kì í ṣe akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ń wí, ìyẹn ṣì ń bínú kiri. Ehoro ìyá rẹ ni, èyí funfun tó máa ń jẹ ìwé, tí ìyá rẹ fi sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ó ku èkejì rẹ̀, Ọ̀gá, nìkan. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo ayé, ó ń wo ibi tí Akọ̀wé máa ń jókòó sí. Mo mọ bó ṣe ń ṣe é.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ. O mọ̀ pé nígbà tí ìyá rẹ wà láyé, òun ló ń yẹ koríko gbígbẹ àwọn ehoro wò. Láràárọ̀, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbọ̀n ọ́n lójú fèrèsé bóyá eruku á jáde, á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bóyá ó ṣì ní omi lára, lẹ́yìn náà á ti gbogbo imú bọ inú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ sùn síbẹ̀. Bó bá ń ta sánsán bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn, á ní ó yá. Bó bá ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú garawa, á dà á nù, bó ti wù kó pọ̀ tó. Imú tèmi rèé, láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn ńlá yẹn ti mú mi, ọ̀ṣọ́ ojú lásán ni. Lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ, mo ní kí káfíńtà tó wà nítòsí wá bá mi gbóòórùn koríko náà, ó ní pákó ló ń rùn. Gbogbo nǹkan ló ń rùn bíi pákó sí káfíńtà.

Kí òjò má bàa pa koríko náà, mo fi ọ̀rá wé e, mo dì í pinpin, inú mi sì ń dùn pé mo ń tọ́jú ohun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí mo tú u, apá kan ti lẹ̀ mọ́ra, ó ní nǹkan funfun bí èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi, o rántí, mo sì tẹ koríko náà mọ́ ihò kéékèèké tí ohùn ń gbà wọlé, kí o lè bá mi gbóòórùn rẹ̀. O ní ariwo nìkan lò ń gbọ́, pé o wà nínú ìpàdé, pé kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Káfíńtà bá mi yà á, ó sì dára, ọmọ mi. Fóònù yẹn sọ koríko náà di àwọ̀ ewé yọ̀yọ̀, nǹkan funfun ọ̀hún kò hàn rárá. O fi àtàǹpàkò tó nà sókè dá mi lóhùn. Mo ní ọmọ mi tó kàwé ti rí i, ta ni èmi? Mo fún wọn jẹ.

Ọ̀gá kàn tọ́ ọ wò, ó fi sílẹ̀. Akọ̀wé jẹ ẹ́ dáadáa, kò sì fẹnu kan oúnjẹ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó wá ń mí bí ẹni tó gun òkè. Mo fi apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ aláìsàn àti ti ẹni tó sún mọ́ ọn jù, tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ Ọ̀gá. Mo wá rántí pé Ọ̀gá kò ní fóònù, mo pa á rẹ́, mo kọ orúkọ rẹ. Wọ́n pè ọ́, o ò gbé e. Ó jọ pé o ṣì wà nínú ìpàdé.

Dókítà ní koríko náà ti bu, pé ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i, ooru inú ọ̀rá ló bà á jẹ́. Ó ní a kì í yọ ibi tó bu kí á fi ìyókù bọ́ ẹran, gbogbo rẹ̀ là ń kó dà nù. Ó ní eruku rẹ̀ kò dára fún àyà èèyàn pàápàá, ó sì bi mí bóyá mo ń wúkọ́. Mo ní ẹran ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe èmi. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, Akọ̀wé ti lọ. Mo sunkún, ọmọ mi, mo sunkún ju bó ṣe yẹ kí àgbà sunkún nítorí ehoro. Kì í ṣe òun nìkan ni mo ń sunkún fún. Ṣùgbọ́n má dá ara rẹ lẹ́bi o, ohun tí wọ́n fi hàn ọ́ lo rí.

Owó tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo lọ gbà á lára ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri báńkì. Nígbà tó pọ̀ ọ́ tán, ó bi mí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn. Láti ìgbà tí àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn ti padà sílé wọn, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Mo dúró, mo rò ó dáadáa, nítorí kò yẹ kéèyàn dá olóore lóhùn gbẹrẹfu, àfi bí àwọn tó wà lẹ́yìn mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí ẹ̀rọ náà sì gbé káàdì mi mì. Bá mi bẹ èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, mo gbà pé ẹbí kan náà ni wọ́n.

Bí o bá tún rí díẹ̀, fi ránṣẹ́, mo ti ra koríko tuntun. Inú àpò aṣọ ló wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, mo gbọ̀n ọ́n lójú fèrèsé, n kò rí eruku, ṣùgbọ́n ojú mi náà kì í ṣe ojú àná. Ọ̀gá ń wò mí, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fún un, ewé ọgbà ni mo ṣì ń já fún un. Imú ìyá rẹ ló wà lójú rẹ, gbogbo èèyàn ló ti ń sọ ọ́ láti kékeré rẹ. Gbé e wálé fún mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ọ̀nà á là fún ọ, wàá wálé wá bá wa láyọ̀, èmi àti Ọ̀gá.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo fẹ́ẹ́ gbàgbé. Fọ́tò mi tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí o ní ara mi ń dán, pé mo ti sanra, tí o tún fi àtàǹpàkò yẹn dá mi lóhùn, fóònù kan náà ló yà á.