Ìhágún Baba Abala, Kí Ó Tó Wọ Rélùwéè

Ohun tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọjọ́ márùn-ún wá nìyí. Èkíní, bóyá rélùwéè á dúró pẹ́ tó ní ibùdó tí mo ti máa sọ̀, kí àgbàlagbà tó gbé àpótí dání lè sọ̀ kalẹ̀ tán. Èkejì, bóyá mo ti pa gáàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì kúrò nílé. Ẹ̀kẹta, ajá. Ẹ̀kẹrin, ta ni yóò ni ilé, ta ni yóò ni àga, ta ni wọ́n máa pè bí òrùlé bá ń jò. Ẹ̀karùn-ún ló tóbi ju gbogbo wọn lọ: bóyá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò ṣì lè rí ojú mi nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e. Oṣù mélòó kan ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣèlérí pé mò ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni mo sì sún un síwájú. Ní báyìí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, kí n sì lè lọ, mo jókòó kọ ìwé yìí.

Ọmọ mi obìnrin bi mí pé ta ló ń kọ ìwé ìhágún nítorí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni.

Èmi, tí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ mọ̀ sí Baba Abala, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, olùdámọ̀ràn ìjọba lórí ìlànà ìgbanisíṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ń sọ ọ́ níhìn-ín pé orí mi pé, ara mi sì le, àfi orúnkún ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. N kò mu ohunkóhun ju tíì lọ kí n tó mú bírò. Ìwé yìí pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ẹ wá wọn nínú dúrọ́ọ̀ òkè, kí ẹ sun wọ́n níná, kí ẹ má sì kà wọ́n.

1. Mo yan ẹni méjì láti mú ìwé yìí ṣẹ: ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Alábẹ̀wò, tó fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n wọ ṣọ́ọ̀bù àti iléeṣẹ́ kiri láti wò ó bóyá wọ́n ń pa òfin wa mọ́. Èmi ń kọ òfin nínú ọ́fíìsì, òun ń lọ wo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A jà tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́sẹ́ńjà fi máa ń gbé tíì wa sórí tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ẹni tí mo fọkàn tán jù ú lọ.

2. Ilé tí mò ń gbé, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, mo fi í fún àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba. Wọn kò gbọdọ̀ tà á láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, nítorí mo ti rí àwọn tó ta ilé bàbá wọn nígbà tí omijé kò tíì gbẹ lójú wọn. Fèrèsé ilé ìdáná kì í tì dáadáa bí ẹ kò bá kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀. Mo ti sọ èyí fún wọn láìmọye ìgbà, mo tún ń sọ ọ́.

3. Àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, mo fi í fún ọmọ mi obìnrin. Ó yẹ kí ó mọ ibi tí àga náà ti wá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, kì í fẹ́ kí n máa sọ ọ́. Ó ní mò ń fi ara mi ṣẹ̀sín.

Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ. Akọ̀wé tó ń to lẹ́tà ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́ sínú fáìlì ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà wọ́n, ṣùgbọ́n mo ń kà wọ́n, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ to ẹ̀sùn ẹnì kan síbi tí kò yẹ. Nígbà tí ọ̀gá àgbà fẹ́ ṣòfin tuntun, ó bi àwọn onídìgírì pé kí ló ń dun àwọn òṣìṣẹ́ jù. Wọ́n ń wo ara wọn. Èmi tí mo gbé fáìlì wọlé ni mo dáhùn pé, "Ẹsẹ̀ ni, sà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń dúró." Bí mo ṣe di olùdámọ̀ràn nìyẹn.

Abala kẹrìnlá ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Mo kọ ọ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ra àga kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń dúró ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé fún wa, tí n kò tíì kí tó ẹ̀ẹ̀mẹta, tẹ̀ ẹ́ tán, ó wò mí, ó ní: "Ẹ ti sọ pé kí wọ́n ra àga. Ṣé wọ́n á lè jókòó lé e?" Mo ní kí ó máa tẹ ohun tí a bá gbé fún un.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí òfin jáde, Alábẹ̀wò wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńlá kan. Ó bá ogójì àga tuntun tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀rá kò tíì kúrò lára wọn. Ogójì òṣìṣẹ́ dúró níwájú wọn, wọ́n ń yí ẹsẹ̀ padà. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní òun ti pa òfin mọ́; kò síbi tí òfin ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó. Alábẹ̀wò ru ọ̀kan nínú àwọn àga náà lórí, ó rìn wá sí ọ́fíìsì wa, ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó ní: "Baba Abala, òfin ẹ rèé. Òṣìṣẹ́ ń dúró, àga ń sinmi." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ mi.

Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé, mo tọrọ àforíjì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní: "Ẹ jókòó ká jọ tún un kọ. Wọ́n ti gbé àga wá fún yín." A tún abala kẹrìnlá kọ, a tún kẹẹ̀ẹ́dógún náà kọ. Nígbà tí a fi dé kejìlélógún, mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ mi. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá mo tún ti fo nǹkan kan. Ọdún mẹ́rìndínlógójì la jọ gbé. Ìyá yín nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ mi tẹ́ ẹ lọ́rùn láìjẹ́ pé ó tún un kọ.

Mo fi àga náà fún ọmọ mi obìnrin nítorí wákàtí méjìlá ló ń fi dúró ní wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Kò gbọdọ̀ ká aṣọ lé e lórí.

4. Ajá mi, tí a ń pè ní Ọ̀gá Ilé, mo fi í fún ọmọ mi ọkùnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin. Aago méje ni kí ó máa fún un lóúnjẹ, kì í ṣe méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ajá náà ń bẹ̀rù àrá, ó sì ń bẹ̀rù iná jórinjórin. Ọmọ mi ní ajá náà kò bẹ̀rù nǹkan kan, pé èmi ni mò ń bẹ̀rù tí ajá ń bá mi kẹ́dùn. Kó rí bẹ́ẹ̀. Aago méje ni.

5. Téèpù ìwọ̀n onírin tó wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ kejì, mo dá a padà fún Alábẹ̀wò. Òun ló ni ín. Láti ọdún méjìlélógún ló ti ń sọ pé mẹ́sẹ́ńjà ló jí i. Kì í ṣe mẹ́sẹ́ńjà. Ó fi wọn ọ́fíìsì tèmi, ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé yàrá tí wọ́n ti ń kọ òfin nípa afẹ́fẹ́ níbi iṣẹ́ kò ní fèrèsé kan tó ṣeé ṣí. Inú bí mi, mo gbé téèpù náà pamọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wá tún fèrèsé náà ṣe, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi tì mí láti dá téèpù padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ bẹ mẹ́sẹ́ńjà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ yìí, pé òun kàn ń wo ìgbà tí n óo sọ ni. Mo mọ̀ pé Alábẹ̀wò ni yóò ka ìwé yìí sókè. Kó má fo ibí yìí.

6. Ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba fún mi tí n kò lò jẹ́ igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Mo bi lọ́yà bóyá mo lè pín wọn fún àwọn ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu ojú. Ó ní kò sí nǹkan tí n óo pín, pé àwọn ọjọ́ náà kò sí níbì kankan mọ́.

Èmi ni mo kọ abala ìsinmi. Mo kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ lè sún ìsinmi rẹ̀ síwájú bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe. Àwọn ọ̀gá tẹ fọ́ọ̀mù, wọ́n ń gbé e síwájú òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí i pé òun fẹ́. Èmi náà ń fọwọ́ sí tèmi lọ́dọọdún, láìsí ọ̀gá kankan lẹ́yìn mi. Ọdún kan, ìpàdé ni. Ọdún kan, òjò ni. Ọdún kan, mo rò pé ikọ́ fẹ́ mú mi. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, tí kò sí fọ́ọ̀mù mọ́, mo ṣì ń sún un.

Nítorí náà, mo pàṣẹ pé kò sí ọmọ mi tó máa gba kọ́kọ́rọ́ ilé kí ó tó lo ọjọ́ mẹ́rìnlá tó tẹ̀ léra láìfẹsẹ̀ kan ibi iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á dé ibí yìí, ó ní: "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" Mo ní èmi ni mò ń kọ ọ́, kò kàn mí. Ó ní: "Hùn-ùn. Abala kẹrìnlá tún dé." Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni.

7. Fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀, nítorí ó kọ̀ ọ́.

Ọdún márùn-ún ló fi dúró nídìí tábìlì, tó ń lọ aṣọ aláṣọ níléeṣẹ́ alágbàfọ̀, kí n lè parí sẹ́kọ́ńdírì. Bó bá délé, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi, á ní kí n ka ìwé mi sókè kí òun mọ ohun tí òun ń rà. Gbogbo lẹ́tà tí mo kà nípa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí nínú wọn. N kò sọ èyí fún un rí. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójúkojú.

Mo pè é lórí fóònù lánàá, mo ní mo fẹ́ fi rédíò mi àti kóòtù mi tó nípọn sílẹ̀ fún un. Ó ní: "Àbúrò, ta ló bi ẹ́ léèrè kóòtù? Ojú ẹ ni mo fẹ́ rí, kí n wò ó bóyá imú ńlá yẹn ṣì wà ńbẹ̀." Mo ní ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó ní: "Kó rọ̀. Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń sinmi! Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ. Bí mo bá tún ká a, màá fi aṣọ ẹ̀ rán kọ́tìnì." Mo rẹ́rìn-ín débi pé ajá dìde wá wò mí.

8. Lọ́yà kò fọwọ́ kan abala yìí. Èmi nìkan ni mo kọ ọ́. Ìrìn àjò mi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò ṣeé sún síwájú. Bí mo bá sọ pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé, asán ni. Mo fún àwọn méjèèjì tí mo yàn láṣẹ láti gbé mi tàpótí-tàpótí dé orí ìjókòó mi nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì dúró níbẹ̀ títí yóò fi gbéra.

Inú mi dùn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ohun tó yẹ kó dà mí láàmú nínú ìdùnnú náà, n kò tíì rí i.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá, lójú ẹlẹ́rìí méjì tí n kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún, nítorí bí òfin ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Kí wọ́n má bínú.

Ọwọ́ mi rèé: Baba Abala

Ẹlẹ́rìí kìíní: Aránṣọ òdìkejì títì
Ẹlẹ́rìí kejì: Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé tó tẹ̀ lé tiwa

Ọjọ́ tí mo máa gbéra: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá, rélùwéè aago mẹ́jọ àárọ̀.