Ìjábọ̀ Tí Mo Dì Bí Ẹni Ránṣọ

Ìyá Ìbejì,

Má wulẹ̀ wá ìjábọ̀ méjì tó kù lórí tábìlì. Èmi ni mo bà wọ́n jẹ́.

O ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n títí wàá fi wẹ̀ tán. Mo ní kí ló le nínú kéèyàn fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ di ìwé, èmi tí mo ti ń ránṣọ láti kékeré. Agídí lásán! Mo dojú páálí iwájú àwọn méjèèjì kọ inú, bí mo ṣe máa ń kọjú aṣọ síra kí n tó rán an. Ẹ̀rọ ìdìwé yọ́ ẹnu ike, ó lẹ̀ pa, ọwọ́ mi sì ti ń múra àtiyí wọn síta bí ẹni ń yí ṣòkòtò. Ìwé kò ṣe é yí síta. Inú lọ́hùn-ún ni orúkọ rẹ wà.

Mo ní kí n tú wọn bí ojú rírán. Abẹ gé ọ̀rọ̀ mọ́ ike.

Èyí tí o fọwọ́ ara rẹ dì wà lórí fìríìjì. Ìyẹn ni kó o gbé fún ọ̀gá yín. Mo ti mú fláàṣì tí iṣẹ́ rẹ wà nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kó tún méjèèjì tẹ̀, màá pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Òun ló máa dì wọ́n o, kì í ṣe èmi. Tí wọ́n bá béèrè ìdí tó fi pẹ́, má bo àṣírí mi, sọ pé ọkọ rẹ ni.

Mi ò lè kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ò ń kọrin, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ. Mo mọ̀ pé orin náà ti tán lẹ́nu rẹ bó o ṣe ń ka ìwé yìí.

Bàbá Ìbejì