Ohùn Abẹ́ Jẹnẹrétọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Àwọn ìpolówó ọṣẹ lónìí, orin kan náà lábẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀gá Kíákíá — ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé, ọ̀gá sítúdíò wa, bẹ́ẹ̀ — ní bí nǹkan ò bá mú èèyàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fi ìka tì í kọjá lórí fóònù. Mo gé gbogbo èémí kúrò lẹ́nu obìnrin tó ń polówó. Ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
NEPA mú iná lọ nírọ̀lẹ́. Gbogbo Uwasota, àdúgbò wa, dákẹ́ — fìrísà ò kùn mọ́, fáànù ń rọra dúró. Jẹnẹrétọ̀ ilé kan, ti èkejì, títí àdúgbò fi ń gbọ̀n. Tiwa ló kẹ́yìn. "Dis gen go kill pesin," Tìmílẹ́hìn àbúrò mi nìyẹn, ó ń fa okùn. Bá a sọ Yorùbá dọ̀la, Pijin ló máa fi dáhùn.

Bó ṣe dún báyìí, Màámi ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n máa ń gbàdúrà sókè. Wọ́n gbà pé ariwo náà bo àwọn mọ́lẹ̀. Mo gbé Etí Kejì, ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, sójú fèrèsé ẹ̀yìn. Ohùn Màámi wà lábẹ́ ariwo yẹn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ilé kẹta. Èèyàn ò lè mú ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ti to ohun tí mo gbà sílẹ̀ náà pọ̀ tán. Kò sí orin. Mo pè é ní "Lẹ́yìn Tí Iná Lọ." Ìdúró ni mo fi jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ọ̀gá Kíákíá ti ṣèlérí pé ẹni tó bá mú iṣẹ́ tó dáa wá, òun á gbé e sórí pèèjì sítúdíò, níbi tí èrò pọ̀ sí. Mo fún un. Ó gbọ́ díẹ̀. "Ẹniọlá, ṣé fáìlì ẹ ti bàjẹ́ ni?" Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. "Ẹ wo ọmọ yìí! Ta ló máa fi dátà gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó wà nílé ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó ní kí n fi sílẹ̀ ṣá.

Ọjọ́ Ajé, 10
Gbogbo ohun tó bá wọ kọ̀ǹpútà sítúdíò la máa ń kọ́kọ́ fọ̀: a ó yọ ariwo, a ó fi ohùn èèyàn sílẹ̀. Èmi ni mo máa ń fọ̀ wọ́n! Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Ọ̀gá pè mí tayọ̀tayọ̀. Ó ti fọ fáìlì mi fúnra ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kó dún.

Màámi. Kedere, bí ẹni tó jókòó tì wá.

"Ó ti sú mi, Olúwa. Mò ń rẹ́rìn-ín fún wọn. Ó ti sú mi."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nílé wa.

Ọ̀gá ní ọkùnrin kan tó ń ta sólà ládùúgbò Ogida ti ń wá irú ẹ̀ fún ìpolówó: ìyá tí àìsí iná ti sú. "Kò tiẹ̀ jọ eré!" Mo ní kì í ṣe eré, ìyá mi ni. Kó pa á rẹ́. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. "O ò bá ti sọ. Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo pe ọlọ́jà sólà. Ó ń dúpẹ́, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tó yé e, ó ní òun á yọ ọ́. Àwọn èèyàn ti pín in kiri.

Ọjọ́rú, 12
Mi ò lè wo ojú Màámi. Wọ́n bi mí bóyá ibà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Gbéminíyì, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, gbé fóònù sókè. "Ẹ wá gbọ́ o! Ìyá Ẹniọlá ti di òṣèré, wọn ò pè wá jẹ ìrẹsì!" Ohùn Màámi, orin ìpolówó sólà lábẹ́ ẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Màámi náà rẹ́rìn-ín — mo ti mọ ẹ̀rín yẹn báyìí.

Kẹ̀kẹ́ gbé wa délé. Ìgbà tí Màámi ń wá kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ní, "Iná ni wọ́n rò pé ó sú mi."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n dìde, aṣọ mi á dọ̀tí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
NEPA tún mú iná lọ. Mo ti yọ bátìrì Etí Kejì. Tìmílẹ́hìn fa okùn, fa okùn, ó dún. Màámi wọ kíṣìnnì. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Mo ń rí wọn láti pálọ̀: ọwọ́ wọn nínú omi abọ́, ojú wọn sí fèrèsé. Mo dúró. Mo tẹ́tí sí àdúrà wọn.

Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Kò sí ohùn kankan lábẹ́ ẹ̀.