Irin Tí O Gé fún Ẹ̀rọ Omi Wa

Ọmọ mi obìnrin àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Ẹlẹ́dàá á máa ṣọ́ ọ nídìí iná tí o dúró tì, kò ní ta bá ọ.

Irin pẹlẹbẹ tí o fi ẹ̀rọ oníná tí kọ̀ǹpútà ń darí gé fún ìdí ẹ̀rọ omi àdúgbò ti dé o. O mọ̀ pé látìgbà tí ti tẹ́lẹ̀ ti fọ́ ni gbogbo wa ti ń rìn lọ sódò, mo sì ti fọ́nnu káàkiri pé ọmọ mi ló máa tún un ṣe. Àfi bí mo ṣe tú u tí n ò rí ihò kankan tí bóòtù máa gbà dè é mọ́lẹ̀, àmì tíntìntín mẹ́rin péré, bí ẹni pé adìyẹ fẹnu sọ ọ́. Mo ní ó ti dógùn-ún lọ́nà nìyẹn, ni mo bá mú yanrìn, ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn, mo fọ irin títí apá fi ń ro mí, àmì ò lọ. Wẹ́dà tó ń jórin ní ìkòríta wa ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun ò wí, pé iṣẹ́ irin kì í ṣe ti obìnrin, pé ihò lásán ọmọ mi ò rí i lu. Ó dùn mí gan-an, n ò lè purọ́ fún ọ.

Ìgbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù lo wá ní iná kì í lu ihò kékeré kó rí roboto dáadáa, pé ńṣe lo ní kí ẹ̀rọ náà fi ẹnu iná kan àárín gbùngbùn ibi tí ihò máa wà, kí ẹni tó máa lu ú má baà máa wá a kiri. Bàbá yín ní ẹ̀rọ yẹn gbẹ̀kọ́, pé kì í ṣe aláṣejù. Kíá ni mo gbé irin lọ bá wẹ́dà, mo ní kó gbé ẹnu ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò lé àmì ọmọ mi. Ẹnu ẹ̀rọ náà jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, kò yẹ̀ rárá títí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé. Nígbà tí a gbé irin dé ìdí ẹ̀rọ omi, bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé wẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan òòlù. Omi bá tú yàà! Gbogbo àdúgbò hó, bàbá yín jó nínú omi, wọ́n gbàgbé bàtà lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Bá mi kí ẹ̀rọ oníná rẹ o. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó sinmi? Sọ fún kọ̀ǹpútà tó ń rán an níṣẹ́ kó máa fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀. Bówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ọ̀dà, bàbá yín fẹ́ kun ẹ̀rọ omi.

Wẹ́dà wá sílé láàárọ̀ yìí, ó ṣí fìlà. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, kí o gba ọmọbìnrin òun síṣẹ́, kó wá kọ́ ohun tí o mọ̀. Mo ti bá ọ gbà. Ọmọ náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, tètè wá ibi tó máa sùn.

Ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ ò ní ṣì, ọmọ mi.

Èmi ni, ìyá rẹ.