Ẹsẹ̀ Òsì Oníjó

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Karùn-ún
Adágún tẹ́ńpìlì ti gbẹ. Lónìí, etí erin kan yọ nínú ẹrẹ̀. Òun ni — Oníjó mi. Ère olókùúta Pillaiyar, òrìṣà olórí erin, tó ń jó, tí wọ́n rì sómi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, torí ẹsẹ̀ òsì tó gbé sókè ti kán. Wọn kì í bọ ère tó kán níbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
N kò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 6
Mo mú Paatti, ìyá ìyá mi, lọ wò ó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń rántí — òróró yànmọ̀tí tí wọ́n fi ń pa á lára títí á fi dúdú, á máa dán. Òdòdó jásímìn tí Thatha, ọkọ rẹ̀, ń sín fún Oníjó láràárọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ní tẹ́ńpìlì. Àtẹ́lẹwọ́ Thatha á ta sánsán di alẹ́. Mo rántí àtẹ́lẹwọ́ yẹn.
Àlùfáà ń kọjá. Ó ní, “Paatti, ẹ wá kí ẹni tí ọkọ yín ṣẹ́ lẹ́sẹ̀?”
Paatti ní, “Pẹ̀lú ikùn yẹn, ìgbà wo lo rí ẹsẹ̀ tìẹ kẹ́yìn?”
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Kì í ṣe Thatha. Èmi ni. Àárọ̀ ìdánwò ni, mo fẹ́ fọ́ àgbọn fún Oníjó kí n lè yege, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Ilẹ̀ ló yẹ kí n là á mọ́. Mo sún mọ́ ọn jù — kàà! Àgbọn ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó kán. Thatha gbé òdòdó dé, ó ní, “Sáré lọ síléèwé.” Ó sọ fún wọn pé òun ló ṣẹ́ ẹ, wọ́n sì gba iṣẹ́ òdòdó lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sín òmíràn títí ó fi kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Wọ́n fi okùn fà á dìde. Mo fi etí aṣọ sárí mi nu ẹrẹ̀ ojú ibi tó kán. Ihò roboto kan. Irin tó ti dípẹtà wà nínú ẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ti kán láyé àtijọ́! Wọ́n fi irin so ó, wọ́n ń bọ ọ́ lọ, òróró sì bo ojú oríkèé náà. Àgbọn mi kàn tú u ni.
Àlùfáà ki ìka bọ ihò náà.
Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn: Thatha kọ́, èmi ni.
Paatti ò tiẹ̀ wò mí. “Mo mọ̀, ọmọ mi. Thatha sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹrù yẹn wúwo ju orí ẹ lọ.”

Ọjọ́ Àìkú, 10
Oníjó ti dúró sábẹ́ igi létí adágún. Àlùfáà fọwọ́ ara ẹ̀ gbé òróró wá. Paatti sín òdòdó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tú mọ́ ọn lọ́wọ́.
Mo fọ́ àgbọn. Mo ka ogún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn ná.